Ẹni Tí Kámẹ́rà Kò Rí Mọ́

Ẹni tí kò bá mọ Àfẹ́ẹ́rí nígbà náà, a jẹ́ pé kò ní fóònù lọ́wọ́ ni. Apidán ni kó tó di òǹkọ̀wé, òǹkọ̀wé ni kó tó di ẹni tí tọmọdé tàgbà ń wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Idán kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di olórúkọ. Á wọ inú àpótí gíga kan láàárín ìtàgé, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, iná á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn á ṣí, àpótí á ti ṣófo. Kí àwọn òǹwòran tó rí èémí mí, wọn á gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Wọn á yíjú padà, wọn á rí i lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn nínú ẹ̀wù kóòtù aláwọ̀ ewé rẹ̀, tó ń tẹrí ba fún wọn. Àwọn kan ní òògùn ni. Àwọn kan ní ẹni àìrí ló ń gbé e. Àfẹ́ẹ́rí kì í dá wọn lóhùn, á kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó fi ìtàgé sílẹ̀, ó jókòó kọ ìwé. Ó tú àṣírí àwọn idán kéékèèké síbẹ̀: bí ẹyin ṣe ń di ẹyẹlé, bí okùn tí wọ́n gé ṣe ń so padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan idán àpótí, ó kọ ọ́ pé agbára tí wọ́n bí mọ́ òun ni, pé òun nìkan ló mọ ọ̀nà tí òun ń gbà. Ìwé náà tà wàràwàrà. Láti ibẹ̀ ló ti ṣí ìkànnì fídíò. Á jókòó sídìí tábìlì nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, iná kan lápá ọ̀tún, ìkan lápá òsì, á máa kọ́ àwọn ènìyàn ní idán, á máa ka ìwé rẹ̀ fún wọn, á máa dá wọn lẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń bá a di kámẹ́rà mú. Òun náà ló ń gé fídíò tó ń tò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n ya fídíò tán, àbúrò gbé e sójú kọ̀ǹpútà. Ohùn Àfẹ́ẹ́rí ń dún ketekete. Káàdì ń fò lórí tábìlì. Ìwé ń ṣí ojú ewé fúnra rẹ̀. Àga ṣófo.

Àfẹ́ẹ́rí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ ọ ní èyí. Àbúrò rẹ̀ mi orí. Wọ́n tún un yà, àga ṣófo. Wọ́n lọ yá kámẹ́rà aládùúgbò, àga ṣófo. Àfẹ́ẹ́rí fi fóònù ya ojú ara rẹ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló jáde, tòun ti kàlẹ́ńdà tó gbé kọ́ síbẹ̀. Ó sáré wọ ilé ìwẹ̀, ó wo dígí. Ó ṣì rí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n mí èémí sí lójú ni, bàìbàì.

*

Òjìji ni wọ́n ń pe àbúrò yìí nínú ilé. Àfẹ́ẹ́rí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré, nítorí pé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń wà ṣáá. Wọn kì í ṣe ìbejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jọra tó, àfi bí ẹni pé wọ́n la ojú kan sí méjì. Òun gan-an ni idán àpótí. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti gba ihò ìsàlẹ̀ àpótí wọlẹ̀, àbúrò á jáde lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù ewé kejì. Kò sí nǹkan míì níbẹ̀.

Nítorí idán yìí, wọn ò gbọdọ̀ rí àwọn méjèèjì pọ̀ níta. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó pàǹtírí gbà, ni Òjìji ń bá wọ gbogbo gbọ̀ngàn, tòun ti aṣọ lórí. Obìnrin kan tó fẹ́ fẹ́ béèrè ìdí tí kò fi lè wá kí bàbá òun lọ́sàn-án gangan. Kò lè tú àṣírí idán fún un, obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tí àwọn bá kúrò lórí ìtàgé, òun á fà á lọ́wọ́ jáde síta, òun á sọ fún gbogbo ayé. Òjìji dúró dè é.

Ìgbà tí ìwé jáde, ilé ìtàwé ló ti kà á, lórí ìdúró, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dé ojú ewé ìdúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà tó kan àpótí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ télọ̀ tó rán kóòtù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹlé. Òjìji tún ìwé náà ṣí, ó fi èékánná wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ojú ewé kan lẹ̀ mọ́ ìkan. Kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dá ìwé padà sórí pẹpẹ, ó lọ sílé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá lọ sọ́dọ̀ Baba Onídígí.

Òpin òpópónà kan ni ṣọ́ọ̀bù bàbá náà wà, níbi tó ti ń gé dígí tó ń kan férémù sí i. Dígí fara ti ògiri níhìn-ín lọ́hùn-ún, oòrùn ń lù wọ́n. Bí Òjìji ṣe wọlé ló rí ara rẹ̀ lọ súà. Bàbá ò wo òun fúnra rẹ̀ rárá, ojú tó wà nínú dígí ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Ojú yìí, ẹni méjì ló ni ín,” bàbá wí. “Ẹnì kan ló ń ná an. Ṣé kí n yí i?”

Òjìji ní kí wọ́n yí i.

Bàbá ní kó lọ wá ẹ̀wù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé orí ìtàgé, èyí tí omi ò tíì kàn láti ìgbà náà. Ó tún ní kó bá òun gba orúkọ tí ìyá pè é sí etí lọ́jọ́ tó bí i, kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ lórúkọ. Ilé kan ṣoṣo ni méjèèjì wà láyé. Òjìji lọ síbẹ̀, ó sì gbà wọ́n bọ̀.

Bàbá na ẹ̀wù náà sẹ́yìn dígí, ó fi dígí kejì pa á dé. Ó fi ẹnu kan ojú rẹ̀, ó pe orúkọ yẹn sínú rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Bí oòrùn bá là, ojú kì í rí ìràwọ̀ mọ́. Ìràwọ̀ ò lọ síbì kankan, ojú ni ò rí i. Kí ojú ayé má rí i mọ́.”

Èémí rẹ̀ bo dígí bí ìkùukùu. Òjìji dúró kí ó gbẹ. Kò gbẹ.

*

Lẹ́yìn fídíò àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í burú. Ẹni tó ń bá Àfẹ́ẹ́rí ta ìwé pè é pé àwòrán rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé ti ń funfun, pé àwọn oníbàárà rò pé oòrùn ló bà á jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú páálí pàápàá ti funfun. Níbi tó ti ń dúró de onígbàjámọ̀, obìnrin kan wọlé, ó sì fẹ́ jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù ba obìnrin náà nígbà tí Àfẹ́ẹ́rí kígbe. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun rò pé kò sí ẹnì kankan lórí àga.

Télọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló júwe Ìyá Alágbàfọ̀ fún un. Ó ní obìnrin náà ń fọ aṣọ, ó ń fọ nǹkan míì mọ́ ọn.

Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún ooru omi gbígbóná àti òórùn sítáàṣì. Aṣọ àwọn ẹni ẹlẹ́ni so rọ̀ lókè bí ẹni tí ń tẹ́tí sí wọn. Ìyá náà ò gbọ́ ìtàn kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀ wá, ó gbé ọrùn kóòtù náà símú.

“Aṣọ rẹ ò mọ̀ ẹ́ mọ́,” ó wí.

Ó bi í léèrè ẹni tó ń bá a jẹun. Àfẹ́ẹ́rí ní àbúrò òun nìkan ni, òun náà ni ò sì jẹ́ kí òun ya wèrè láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà wò ó. Ó ní òun lè fọ kóòtù yìí, kí ohun tí wọ́n rán sí i padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Bí aṣọ bá ti gbẹ lórí okùn, ojú ayé á tún rí Àfẹ́ẹ́rí, ẹni tó rán iṣẹ́ náà ni ojú ò sì ní rí mọ́, nínú fídíò àti ní ìta gbangba.

“Ṣùgbọ́n omi kì í béèrè orúkọ,” ó wí. “Ẹni yòówù kó jẹ́, á bá a. Bí àánú rẹ̀ bá ṣe ọ́, pè é lórúkọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn kí aṣọ tó gbẹ, kí o jẹ́wọ́ ohun tó jẹ́ sí ọ. Iṣẹ́ mi á kú síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe sí ọ, ìyẹn á dúró.”

Àfẹ́ẹ́rí ní òun á lọ rò ó, ó fi kóòtù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó délé, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí òórùn sítáàṣì títí dórí omi tí kì í béèrè orúkọ. Ta ni ì bá tún rò ó fún?

*

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lọ́jọ́ kejì, Òjìji ti dé ṣọ́ọ̀bù onídígí. Bàbá gbọ́ orúkọ Ìyá Alágbàfọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn méjèèjì ti mọ ọwọ́ ara wọn tipẹ́. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè dí omi lọ́nà, ṣùgbọ́n kí Òjìji yára lọ jókòó sí àyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó da omi. Bí ojú náà bá ti mọ́ Òjìji lára, ó lè ṣòro fún un láti padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ó gé èérún dígí kan tó tinrín bí ewé, ó fi aṣọ wé e, ó ní kó fi sí àpò àyà, kí ojú náà lè dúró lára rẹ̀.

Òjìji ta aṣọ sára ògiri yàrá rẹ̀, irú èyí tó wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó to iná sọ́tùn-ún sósì. Ó wọ kóòtù ewé tirẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ju ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ àtiwọlé ìkànnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣebí òun ló ń tò ó. Ó kọjú sí kámẹ́rà.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni Àfẹ́ẹ́rí.”

Ojú rẹ̀ jáde, ó mọ́ rekete. Ó pidán káàdì, ó pidán okùn, ó sọ àwàdà tó ti wà níkùn rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Àwọn ènìyàn ń dá a lóhùn, wọ́n ń kí i, wọ́n ní àárò rẹ̀ sọ àwọn. Nígbà tó pa kámẹ́rà tán, ó kó ojú sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sunkún bí ọmọdé.

*

Àfẹ́ẹ́rí ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún pé ìkànnì rẹ̀ ní fídíò tuntun. Ó ṣí i. Ó rí ojú ara rẹ̀ tó ń sọ ohun tí òun ò sọ. Iwin ni, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ohun tó jí ojú mi ló tún ń fi ṣeré yìí. Ó ka ohun táwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní tòní yìí dùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ, pé ó dà bí ẹni pé ara ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yá. Ìyẹn gún un ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀, ó ní kó fọ̀ ọ́. Ìyá náà bi í bóyá kò fẹ́ mọ ẹni náà ná. Ó ní ẹni yòówù kó jẹ́.

Ìyá náà ri kóòtù bọ omi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì rún un, ó ń sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀. “Ọṣẹ kì í bá ìdọ̀tí ṣọ̀rẹ́. Aṣọ tí a fọ̀, ẹni tó ni ín ní í gbà á. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, padà sílé ẹni tó rán ọ.” Ó fún un, ó sá a sórí okùn nínú oòrùn. Omi ń kán tó, tó, tó. Ìyá náà gbọ́wọ́ rẹ̀ tó tutù símú, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ẹni tó fún wọn ní orúkọ rẹ,” ó wí jẹ́jẹ́, “ó ti gbé ọ pọ̀n rí.”

Ẹni kan ṣoṣo ló ti gbé Àfẹ́ẹ́rí pọ̀n tó ṣì wà láyé. Bí èyí ṣe yé e ni èkejì náà yé e: ẹni tó ní irú ojú rẹ̀, ẹni tó ní kóòtù kejì, ẹni tí òun ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún.

*

Ìyá rẹ̀ ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ nígbà tí Àfẹ́ẹ́rí wọlé. Kò kí i. Ó bi í bóyá ìyá ló fún Òjìji ní orúkọ àkọ́kọ́ òun.

Ìyá rẹ̀ fi eyín gé òwú. “Èmi ni. Ẹ̀wù tí o kọ́kọ́ wọ̀ dé orí ìtàgé náà, èmi ni.”

“Kí ni mo fi ṣe yín, Ìyá?”

“Aládùúgbò ka ìwé rẹ sí mi létí, látòkè délẹ̀. Mo ní kó tún un kà.” Ó gbé ojú sókè. “Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ni ìwé rẹ kà.”

Àfẹ́ẹ́rí ní ẹnu ni ìyá ì bá fi bá òun sọ ọ́. Ó ní òun ló ń bọ́ àwọn méjèèjì, òun ló kọ́ ilé tí wọ́n jókòó sí yìí, pé ọ̀tá kì í mọ orúkọ ènìyàn bí kò ṣe pé ará ilé sọ fún un. Ìyá rẹ̀ ń rán bọ́tìnì rẹ̀ lọ. Nígbà tó wá sọ pé òun ti dá iṣẹ́ náà padà, pé kóòtù ti wà lórí okùn, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ó béèrè bóyá nǹkan kan ṣì lè dá a dúró. Àfẹ́ẹ́rí sọ fún un.

Obìnrin arúgbó náà dìde, ó ń wá ilẹ̀ tí yóò fi orúnkún kàn. Ọmọ rẹ̀ dì í mú kó tó kúnlẹ̀.

“Lọ pè é,” ó wí. “Mo bẹ̀ ọ́. Pè é lórúkọ kí aṣọ yẹn tó gbẹ.”

*

Oòrùn ń mú gidi nígbà tó dé yàrá Òjìji. Ilẹ̀kùn ò tì. Àbúrò rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì nínú kóòtù ewé, kámẹ́rà wà ní ṣíṣí, àwọn ènìyàn ń wò ó lójú ẹsẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀. Lójú fóònù, ara rẹ̀ ń yọ́ lọ bí ooru omi, wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Àfẹ́ẹ́rí, níbo lo wọlé sí?

Àfẹ́ẹ́rí fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ kí wọ́n má baà gbọ́ wọn.

“Ìwọ,” ó wí. “Ìwọ tí mo ń bá jẹun.”

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ènìyàn pamọ́, Ẹ̀gbọ́n.” Ohùn Òjìji ò le. “Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹ lè sọ fún wọn?”

Ẹ̀gbọ́n fa àga, ó jókòó tì í. Ó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Lójú fóònù, ojú kan ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú ìkùukùu, ojú tirẹ̀, tòun ti ewú ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ariwo ìdùnnú bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ fídíò, wọ́n ní ó ti dé, ó ti dé. Kò ju kó sọ pé àbúrò mi rèé, kó sì pe orúkọ rẹ̀. Ó la ẹnu. Ó tún wo ojú náà. Ó rántí àwòrán funfun ẹ̀yìn ìwé, ó rántí obìnrin tó fẹ́ jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ó rántí pé àbúrò tó jókòó tì í yìí di kámẹ́rà mú níṣojú rẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o,” ó wí. “Èmi ni Àfẹ́ẹ́rí.”

Òjìji ò bínú. Ó kàn wò ó, ó wò ó dáadáa. Ó dìde, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó jáde. Àwọn tó ń wòran rí kóòtù ewé kan tó dá yọ nínú afẹ́fẹ́, tó rọra lọ gbé ara rẹ̀ kọ́. Wọ́n ní àwọn ò rí idán tó tó báyìí rí.

*

Fídíò yẹn ló gbé Àfẹ́ẹ́rí dé ibi tí kò dé rí. Ó kọ ìwé kejì. Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ dán gbinrin. Ó lọ gba kóòtù rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀, obìnrin náà nà án sí i láìwo ojú rẹ̀. Ó wá Òjìji lọ sí yàrá rẹ̀, onílé ní òun ò rántí ẹni tó gbébẹ̀ rí. Ó tẹ̀lé èérún dígí tó bá nínú àpò kóòtù àbúrò rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù onídígí, bàbá ní òun ò gé dígí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà míì, láàárín ọjà tàbí nínú ọkọ̀, èjìká kan á gbá a tí kò ní rí ẹni tó ni ín.

Ó pẹ́ kó tó ní ìgboyà àtilọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló lọ, ó di ẹ̀bùn lọ́wọ́ méjèèjì. Àwọn ará àdúgbò dá a mọ̀ lókèèrè, wọ́n dá a dúró, wọ́n bá a ya fọ́tò. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ṣí i, kò ṣí i tán. Láti ẹnu ọ̀nà, Àfẹ́ẹ́rí rí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, ife tíì méjì ló ń rú èéfín lórí rẹ̀. Ìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ń lọ sókè jẹ́jẹ́, kò sí ọwọ́ tó gbé e.

Ìyá rẹ̀ wò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba díẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń ṣe sí àlejò tó múra dáadáa.

“Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Ta lẹ ń wá?”

“Ìyá, èmi ni.”

“Ẹ má bínú,” ìyá wí. “Ọmọ mi ń jẹun lọ́wọ́.”

Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.